Ọwọ́ ìyá mi kò tíì parí: mo fẹ́ padà sídìí àwòrán lẹ́yìn ọdún 26

Ọmọ Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, ṣùgbọ́n n kò dá sí ọ̀rọ̀ rí. Lónìí mo ní ìbéèrè.

Ayàwòrán ni mí nígbà kan. Mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Kútọnu fún ọdún mẹ́rin, mo sì ń dá ṣe tèmi títí di 1998. Ọ̀dà olóròóró ni mo máa ń lò. Mo ya ojú ènìyàn, mo ya ọjà, mo ya ọ̀sà àti àwọn ilé Àgùdà tó wà nítòsí Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Mo tà díẹ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ́kọ, ọmọ dé, iṣẹ́ ẹ̀kọ títà sì gba gbogbo ọwọ́ mi. Àbíkẹ́yìn mi ti kúrò nílé báyìí. Ilé dákẹ́.

Ohun tó ta mí jí ni ọjọ́ kan lọ́dún 2022. Ẹ rántí pé oṣù kọkànlá 2021 ni wọ́n dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó láàfin Abọ́mẹ̀ padà wálé láti Páríìsì. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn fún aráyé nínú ààfin Ààrẹ ní Kútọnu lóṣù kejì 2022, ọmọ mi mú mi lọ. A rí ìtẹ́ ọba, a rí ilẹ̀kùn ààfin, a wá kọjá sí apá ibi tí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ayé òde òní wà. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, n kò lè rìn mọ́. Ọmọ mi rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Lóṣù tó kọjá ni mo tó fa àpótí ọ̀dà mi yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Túùbù 19 ló wà níbẹ̀. Mẹ́jọ ti gan bí òkúta, ìdérí àwọn yòókù kò sì ṣeé ṣí. Búrọ́ọ̀ṣì mi le bí igi. Àwòrán kan ṣoṣo ló kù mí kù: ìyá mi tó ń pọn ẹ̀kọ ní ìdájí. Ojú rẹ̀ ti parí, gèlè rẹ̀ ti parí, ìkòkò ti parí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni kò parí, ìlà pẹ́ńsù lásán ló wà níbẹ̀. Ikán ti jẹ férémù rẹ̀ lápá kan, kánfáàsì náà sì ti bu, ó ní àmì eérú-eérú lókè. Ìyá mi ti dolóògbé láti 2004.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo jókòó ti pépà funfun, mo ní kí n ya igbá lásán. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Igbá wọ́. Mo ká pépà náà, mo lọ rin àgbàdo.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ rí tí ẹ sì padà sí i, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Àti pé, ṣé kí n parí àwòrán ìyá mi ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́)

Ẹ káàbọ̀, Mọ̀mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ti igbá yẹn bà yín nínú jẹ́. Èmi tí mo ń yàwòrán lójoojúmọ́, tí mo bá fi ọ̀sẹ̀ méjì rìnrìn àjò, igbá tí mo bá kọ́kọ́ yà máa ń wọ́.

Ayàwòrán Etí Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú àbọ̀ sídìí iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ohun èlò, torí ibẹ̀ ni owó máa ń ṣòfò sí.

Ẹ má tíì sọ ohunkóhun nù. Ọ̀dà olóròóró kì í bàjẹ́ nítorí ọjọ́ orí, afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Túùbù tí ìdérí rẹ̀ dì pa, inú rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ẹ bu omi gbígbóná sínú ife, kì í ṣe èyí tó ń hó, kí ẹ da orí túùbù náà kọ sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá fi aṣọ dì í mú kí ẹ yí i. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ tibẹ̀ fún ọ̀dà jáde, kí ẹ sì ká a padà pinpin. Tí òróró bá kọ́kọ́ ṣàn jáde, ẹ fi ọ̀bẹ pò ó pọ̀ lórí gíláàsì, kò bàjẹ́. Àwọn mẹ́jọ tó ti gan ni kò sí àtúnṣe fún.

Búrọ́ọ̀ṣì: ẹ wá ọṣẹ dúdú tòótọ́. Ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ náà kùn ún, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pọ́n ọn, ẹ ṣàn án, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi ọṣẹ sùn sí i lára, ó ń jẹ irun rẹ̀. Ọ̀dà tó ti gbẹ pátápátá sínú ìdí irun kì í sábà jáde, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ bẹ́ẹ̀ náà wúlò, ẹ lè fi ya ewé àti koríko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí, torí mo ti rí i tó ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Ẹ má ṣe po òróró ẹ̀pà mọ́ ọ̀dà, ẹ má po epo pupa, ẹ má po àdín. Wọn kì í gbẹ láéláé. Òróró linseed, èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní huile de lin, ló máa ń gba afẹ́fẹ́ sára tí í sì í di awọ líle. Èyí gan-an ló fà á tí àkísà tó bá mu linseed fi léwu: bó ṣe ń gbẹ ló ń gbóná, tí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn níta tàbí kí ẹ rì í sómi. Ilé tí iná ẹ̀kọ ti ń jó lóru, ẹ má fi èyí ṣeré rárá.

Ní ti kánfáàsì tó bu, ẹ gbé e síta lábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn wà. Kì í ṣe inú oòrùn. Nígbà tó bá gbẹ dáadáa, ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èébu náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá. Ẹ má da omi sí i, ẹ má fi jáfẹ́ẹ̀lì, omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, kàn án. Ìdọ̀tí tó bá kù lójú ọ̀dà, ẹ fi itọ́ ẹnu yín rẹ òwú díẹ̀, kí ẹ fi máa yí i lórí rẹ̀ níwọ̀nba. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Àwọn tó ń tọ́jú àwòrán ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ń lò ó, torí itọ́ ní ohun tó ń yọ ìdọ̀tí láìjẹ ọ̀dà. Igi tí ikán jẹ, ẹ sun ún, kí ẹ ní kí káfíńtà ṣe òmíràn.

Tí ẹ bá máa kun àwòrán náà láéláé, olóròóró ni kí ẹ fi kùn ún. Akíríìlì, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, kì í dì mọ́ ara olóròóró, yóò bó.

Nọ́ọ̀sì Wàńdó

Ẹ ǹ lẹ́ o, Màmá. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ìlà tó ń wọ́, ẹ má tètè dá ọwọ́ lẹ́bi. Ṣé ẹ ti lọ yẹ ojú wò? Lẹ́yìn ogójì ọdún, ojú gbogbo wa ni kì í lè wo nǹkan itòsí dáadáa mọ́, ẹni tí kò sì lo gíláàsì yóò máa fi ọrùn àti èjìká wá ohun tí ojú kò rí. Ọwọ́ á wá le gan.

Òmíràn tún wà. Tí awọ funfun bá ń yọ́ wá sínú ojú, ó máa ń yí àwọ̀ padà. Búlúù á ṣú, funfun á dà bí èyí tí wọ́n fi osùn díẹ̀ sí. Ayàwòrán ará Faransé nì, Claude Monet, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ́dún 1923. Ṣáájú ìgbà náà, ọgbà tó ń yà ti di pupa àti àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó ra ọ̀dà tuntun.

Ẹ sì máa nọ ìka. Ẹni tó ti ń ro ògì lórí iná láti ọdún 26, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

Agbẹ́gilére (Kétu)

Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ Ẹlẹ́kọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrántí ìyá.

Ọdọ̀ wa ní Kétu, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ń gbẹ́, bàbá mi ló sì fi lé mi lọ́wọ́. Ayé ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ báyìí, UNESCO ti kéde rẹ̀ láti 2001, ó sì wọ ìwé wọn ní 2008. Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé ère kì í parí. Kí òru Ẹ̀fẹ̀ tó dé, a máa ń kó àwọn ère jáde, èyí tí bàbá bàbá mi gbẹ́ àti èyí tí mo gbẹ́ lánàá, a ó sì tún wọn kùn. Láyé àtijọ́, ẹfun, osùn, èédú àti ẹ̀lú ni. Lónìí, ọ̀dà inú agolo ni ọ̀pọ̀ ń lò. Tí o bá ha ère kan tó dàgbà, wàá rí ipele ọ̀dà lórí ara wọn bí èèpo àlùbọ́sà. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ba iṣẹ́ bàbá òun jẹ́. Ère tí wọn kò tún kùn ni wọ́n ti gbàgbé.

Èmi náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ rí. Mo gba Ìbàdàn lọ, mo ń wakọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí mo padà dé, n kò gbẹ́ ère tuntun fún ọdún kan gbáko. Àtúnkùn ère àwọn àgbà ni mo ń ṣe. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé ojú tí bàbá mi là, tí mo ń tẹ̀ lé ìlà ilà tó kọ sẹ́rẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi ń rántí díẹ̀díẹ̀. Torí náà, èmi ní kí ẹ parí ìyá yín. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ padà, ojú, gèlè, gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn.

Tíṣà (Ṣábẹ̀ẹ́)

Bàbá Kétu, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí.

Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ti ìlú. Ìlú ló ń tún un kùn, òun náà sì ń padà sóde lọ́dọọdún. Àwòrán yìí, ẹnì kan ló yà á, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹni náà kò sì sí mọ́. Ojú tí ọmọ fi wo ìyá rẹ̀, tí ìyá náà jókòó síwájú rẹ̀ láàyè, kò tún ní sí irú rẹ̀. Tí Màmá bá kun ojú yẹn padà, ibi tó ti mọ ìyá rẹ̀ jù lọ lórí kánfáàsì náà ló fi ọ̀dà bò.

Ẹ jẹ́ kí ó wà. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ gbé e kọ́ síbi tí ẹ ó ti máa rí i. Kí ẹ wá lọ fi nǹkan mìíràn wá ọwọ́ yín rí.

Ẹ má ra nǹkan púpọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi níbí kò lówó ọ̀dà, ilẹ̀ ìdí òkè la fi ń ṣe é. Ẹ wa ilẹ̀ pupa, ẹ gún un, ẹ dà á sómi, ẹ rò ó. Iyanrìn á rọ sísàlẹ̀ kíákíá. Ẹ da omi pupa tó kù sínú abọ́ mìíràn kí ó tó silẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ohun tó bá rọ sílẹ̀ níbẹ̀ kúnná bí àtíkè. Ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi pupa ẹyin àti omi díẹ̀ pò ó. Ó ń dì mọ́ pákó dáadáa, oòrùn kò sì lè pa á, torí ìpẹtà irin tó wà nínú ilẹ̀ ló fún un ní àwọ̀. Osùn kò rí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣá a. Èédú fún dúdú, ẹfun fún funfun. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí nìkan, ẹ lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ ojú àti ọwọ́ padà.

Agbẹ́gilére (Kétu)

Tíṣà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Ìyá tí kò lọ́wọ́, tó ń pọn ẹ̀kọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí?

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́)

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí, torí mo rí i pé ó wà nínú ọ̀rọ̀ Mọ̀mọ́ bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Cyprien Tokoudagba ti Abọ́mẹ̀, 1939 ni wọ́n bí i. Ara ògiri ilé òrìṣà ló ń ya nǹkan sí. 1989 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ìpàtẹ ńlá tí wọ́n pè ní Magiciens de la terre ní Páríìsì. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún ni.

Ayàwòrán Etí Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Òótọ́ ni, àbúrò, ṣùgbọ́n Tokoudagba kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rárá. Aráyé ló pẹ́ kó tó rí i. Ti ẹ̀gbọ́n wa yàtọ̀, ó sì yẹ ká sọ òtítọ́ fún un: ọwọ́ tó sinmi fún ọdún 26 kò ní padà lọ́sẹ̀ kan. Tèmi, lẹ́yìn ọdún méje péré, oṣù mẹ́jọ ló gbà mí.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nìyí. Pépà funfun máa ń dẹ́rù ba ènìyàn, torí náà mo lọ ra àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, mo já a, mo gbọn ọ́n, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo dúró, mo di èédú mú, mo ń fi èjìká ya òbìrí ńláńlá, n kò lo ìka. Ogún òbìrí láràárọ̀ kí n tó mu kọfí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ ti ń pàdé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná ẹ̀kọ, ẹ ò ní ra èédú.

Ti ìmọ́lẹ̀ náà ń kọ́? Àwọn ìwé òyìnbó ní kí ayàwòrán jókòó ti fèrèsé tó kọjú sí àríwá, kí oòrùn má baà wọlé tààrà. Ilẹ̀ wọn ló bá mu. Níbi tiwa níhìn-ín, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa. Ẹ wá ibi tí òrùlé ti na jáde dáadáa, ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára jù. Nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá ń lo akíríìlì, yóò máa gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sínú àwo, kí ẹ fi pépà tí ọ̀rinrin lè gbà kọjá díẹ̀díẹ̀ lé e, orí rẹ̀ ni kí ẹ ti máa po àwọ̀, kí ẹ sì dé e nígbà tí ẹ bá sinmi.

Ọwọ́ ni ẹ fẹ́ kọ́ yà, àbí? Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa pọn ẹ̀kọ ní ìdájí kan, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èédú.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún ní kí ọmọ mi kà á sókè fún mi lálẹ́.

Ìròyìn rèé. Mo lọ yẹ ojú wò. Kò sí awọ funfun, gíláàsì ni mo nílò, mo sì ti gbà á. Túùbù mẹ́sàn-án ló ṣí nínú mọ́kànlá! Búlúù mi tutù bí ìgbà tí mo rà á. Nígbà tí òórùn rẹ̀ jáde, mo ní láti jókòó. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni ọṣẹ dúdú gbà là. Mo ti ń ya òbìrí sára àpò sìmẹ́ńtì láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ọwọ́ mi kò gbọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ní kí ìyàwó ọmọ mi gba ìgbákọ, èmi sì jókòó sórí àpótí. Ọdún wo ni mo ti ń pọn ẹ̀kọ, n kò wò ó rí! Ó fi ọwọ́ òsì ká ewé, ó ṣe é bí ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì, àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú, ó di ìdí rẹ̀ pa. Ọwọ́ ọ̀tún bu ẹ̀kọ, ó rọ ọ́. Kí ooru tó kan awọ rẹ̀, àtàǹpàkò yẹn ti jáde, ewé ti pa dé, ó ti dojú rẹ̀ dé sínú àtẹ. Mo ya mẹ́tàlélógún. Mẹ́ta nínú wọn jọ ọwọ́ ènìyàn.

Nígbà tí mo wá gbé àwọn mẹ́ta náà lọ síwájú àwòrán ìyá mi láti fi wé e, mo rí ohun kan tó dà mí láàmú. Nínú ìlà pẹ́ńsù tí mo fà nígbà yẹn, ọwọ́ òsì ló di ìgbákọ mú. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà lábẹ́ ewé, kò sì ká a, ńṣe ló kàn gbé e dúró. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tún yí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà ká, mo rò pé ẹ̀gbà ọwọ́ ni mo fẹ́ yà. Ìyá mi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ṣé mo ti ṣì í yà nígbà náà ni? Ṣé kí n pa á rẹ́, kí n sì fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò rẹ̀?

Agbẹ́gilére (Kétu)

Ẹ pa á rẹ́. Gbogbo wa la ṣìṣe nígbà ọ̀dọ́. Ìdí tí ẹ kò fi parí rẹ̀ náà lè nìyẹn, ọkàn yín mọ̀ pé kò bọ́ sí i.

Tíṣà (Ṣábẹ̀ẹ́)

Màmá, ẹ dákun, ẹ dúró ná. Ẹni tó ya ojú ìyá rẹ̀ dáadáa bí ẹ ṣe sọ kò ní gbàgbé ọwọ́ tó fi ń bu ẹ̀kọ. Ṣé ẹnì kan ṣì wà láyé tó wà nílé lọ́dún yẹn? Ẹ bi í.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Pobẹ̀. Mo ya fọ́tò àwòrán náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kí n tó pè é. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ìbéèrè.

Ó ní, “Ṣé o ti gbàgbé ni? Ọdún tí ẹ̀kọ gbígbóná dà sí Màmá lọ́wọ́ ni. Aṣọ tí wọ́n fi di ojú egbò lo yà yẹn. Oṣù bíi mẹ́ta ni wọ́n fi ọwọ́ òsì pọn ẹ̀kọ, wọn kò jẹ́ kí oníbàárà kankan mọ̀. Nígbà tí wọn kò lè ṣe é mọ́, ta ló gba ìgbákọ lọ́wọ́ wọn?”

Mo ní, “Èmi ni.”

1999 ni mo lọ́kọ. Fún ọdún 26 ni mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn, mo sì sọ fún ẹ̀yin náà lókè, pé ọkọ àti ọmọ ló mú mi kúrò nídìí àwòrán. N kò parọ́ fún yín o. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì ti wà nílẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú ọkọ. Ìdájí tí mo fi ń yà á gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáná.

Nọ́ọ̀sì Wàńdó

Màmá wa, omi bọ́ lójú mi.

Agbẹ́gilére (Kétu)

Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ẹ forí jì mí. Ẹ má fọwọ́ kan ìlà yẹn. Ẹ má kun ojú náà padà, Tíṣà ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ parí ọwọ́ náà bó ṣe wà ní pẹ́ńsù, òsì ní òsì, àti aṣọ egbò náà. Mo dúró lórí ìyẹn.

Tíṣà (Ṣábẹ̀ẹ́)

Bàbá, lórí ìyẹn, èmi náà wà lẹ́yìn yín.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ (Àjàṣẹ́)

Mo ti pinnu. Àwọn ọwọ́ nìkan ni máa kùn. Mo ní kí ìyàwó ọmọ mi fi ọwọ́ òsì bu ẹ̀kọ fún mi láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó pọn ún, ewé ń tú, ìka rẹ̀ ń ṣe gbọ́gbọ́n-gbọ́gbọ́n, ó dà bí ẹni tó ń kọ́ rìn. Bí ti ìyá mi ṣe máa rí náà nìyẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ya ogójì. Mo fún un lówó iṣẹ́ ọjọ́ náà, torí ẹ̀kọ tó bàjẹ́ pọ̀.

Káfíńtà ti gbé férémù tuntun dé. Mo ti fi itọ́ àti òwú nu apá ibi tí mo fẹ́ kùn, òwú náà jáde ní àwọ̀ tíì. Ìbéèrè kan ló kù. Ooru tó ń rú jáde nínú ẹ̀kọ ń bo ọwọ́ náà díẹ̀, aṣọ egbò sì funfun. Ìdájí ni, iná nìkan ló wà. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí pákó lánàá, funfun náà dà bí ẹfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Báwo ni kí n ṣe é?

Ayàwòrán Etí Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé funfun sẹ́yìn.

Aṣọ tí iná ń tàn sí ní ìdájí kì í funfun. Apá tó kọjú síná, ẹ po funfun díẹ̀ mọ́ àwọ̀ ọsàn àti ilẹ̀ pupa. Apá kejì, ẹ fi búlúù yín tó tutù yẹn sí i, kí ó ṣú ju bí ẹ ti rò lọ. Ibi kékeré kan ṣoṣo, bí orí èékánná, ni kí ẹ kan funfun gidi sí, etí aṣọ tó súnmọ́ iná jù lọ.

Ooru ni kó kẹ́yìn. Ẹ kun ọwọ́ parí ná, gbogbo ìka, bí ẹni pé kò sí ooru kankan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àkísà ra linseed tín-ínrín sójú ibi àtijọ́ náà kí ẹ sì nù ún kúrò, kí tuntun lè dì mọ́ ọn. Tí ọwọ́ bá parí, ẹ gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó gbẹ tí ìka kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọ̀ ògiri tó wà lẹ́yìn ìyá yín, ẹ fi funfun díẹ̀ àti búlúù díẹ̀ sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fà á láti ẹnu ìkòkò lọ sókè, kí ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Ó nípọn nísàlẹ̀, kò sí mọ́ lókè. Tí ẹ kò bá lè ka ìka ìyá yín mọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó ti pọ̀ jù, ẹ nù ún kí ó tó gbẹ.

Búrọ́ọ̀ṣì tí ọṣẹ dúdú kò rí gbà là, tí ẹ ní ó le bí igi, òun gan-an ni kí ẹ lò fún ooru náà.